Ẹ̀jẹ̀ Ẹyẹ Ni, Màmá, Kì í Ṣe Ti Ènìyàn

Aarhus, Dẹ́nmárkì

Màmá mi,

Ẹ kú ọjà o, ẹ sì kú ìpalẹ̀mọ́ ìgbéyàwó Túndé. Ara mi le, òtútù ibí nìkan ni mi ò tíì bá rẹ́. Bùkọ́lá, mo mọ̀ pé ìwọ lo máa ka èyí fún wọn. Jọ̀ọ́, má fo ibi tó bá gùn.

Mo gbọ́ pé àwọn ẹlẹ́ja ẹgbẹ́ yín ní Bódìjà ń bi yín pé irú iṣẹ́ wo lọmọ yín ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣe lókè òkun, pé ẹ sì dákẹ́. Ẹ má dákẹ́ mọ́. Ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ ni, kì í ṣe ti ènìyàn. Tó bá jẹ́ pé ó ń pọ owó ni, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ mọ̀.

Ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀, tí à ń pè ní hìmoglóbìn, ló ń gbé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ káàkiri ara. Ẹ fi wé Micra tó ń ná Ìwó Road sí Dùgbẹ̀, àmọ́ èrò mẹ́rin ló ń gbà, kì í fún ẹni méjì pọ̀ níwájú. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló ti ń kó èrò, ibi tí iṣan bá ti ń ṣiṣẹ́ ló ti ń já wọn. Èyí tó bá di èrò mú tí kò fẹ́ kí wọ́n bọ́ọ́lẹ̀ kò wúlò, èyí tó ń já wọn kó tó débẹ̀ kò sì sàn jù ú lọ. Ará Dẹ́nmárkì níbí, Christian Bohr, ló fi hàn ní 1904 pé afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta, tí iṣan tó ń ṣiṣẹ́ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ló ń mú kó jọ̀wọ́ ọ́síjìn.

Ẹyẹ kan wà tó jọ pẹ́pẹ́yẹ, ó kàn tóbi jù ú lọ ni, ìlà dúdú méjì sì wà lórí rẹ̀. Láti Íńdíà ló ti ń fò kọjá òkè Himalaya. Wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ọn lára, wọ́n bá a lókè tó ju mítà 7,000 lọ, níbi tí ọ́síjìn kò ti tó ìdajì ti Ìbàdàn. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tóbi, ìyẹn ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n hìmoglóbìn dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín; nínú tirẹ̀, ẹyọ mélòó kan yàtọ̀ sí ti àwọn ìbátan rẹ̀ tó ń gbé ìsàlẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni ẹyọ 119 ní apá kan rẹ̀. Ní 1991, Roy Weber ti yunifásítì ibí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú hìmoglóbìn ènìyàn, wọ́n pààrọ̀ ẹyọ yẹn nìkan sí ti ẹyẹ náà, ó sì di ọ́síjìn mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ; irú ìyẹn ló ń jẹ́ kí ẹyẹ náà rí èrò kó níbi tí èrò ti ṣọ̀wọ́n. UI ni mo ti ka ìwé yẹn. Òun ló gbé mi débí.

Ti ẹja ló máa pa yín lẹ́rìn-ín. Nínú omi Antarctica, ẹja kan wà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò pọ́n rárá, kò ní hìmoglóbìn kankan. Omi tó tutù bẹ́ẹ̀ máa ń gba ọ́síjìn púpọ̀, ọkàn ẹja náà sì tóbi, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ gan-an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kòté wò bóyá inú rẹ̀ ṣì pọ́n, ẹ máa ní wọ́n ta ẹja bíbàjẹ́ fún yín ni.

Ó wá kan tiwa. Ìbàdàn gan-an wà nínú ìwé wa: hìmoglóbìn kan ń jẹ́ K Ibadan láti 1965, inú mi dùn nígbà tí mo fi han ọ̀gá mi. Ìyẹn kọ́ ló ń fa fòníkú-fọ̀ladìde o. Ẹyọ kẹfà ló ń fa ti fòníkú-fọ̀ladìde, òun náà ẹyọ kan péré. Ẹni tó bá jẹ́ AS, ibà kì í sáábà rí i pa ní kékeré, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ láàárín wa.

Màmá, AS ni mí. Ìwé AA tí Túndé ń gbé kiri, mi ò fọkàn tán ibi tí wọ́n ti ṣe é fún un. Kí òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ tún un ṣe ní UCH kí ẹ tó mú ọjọ́ ìdána. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bí lè jẹ́ SS. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ ọ́. Tó bá jẹ́ èmi, á ní mo ti di òyìnbó.

Owó ìdána á dé kí oṣù tó parí, owó àyẹ̀wò wà lọ́tọ̀ nínú rẹ̀. Bùkọ́lá, ọwọ́ rẹ ni kó wà, má kó o fún Túndé.

Ọmọ yín,
Wálé