Ilé Ìdáná Oúnjẹ Àárọ̀: Ẹ̀yin Ọmọ Ìlú, Ẹ Dákun, Ẹ Mú Ìlérí Yín Ṣẹ

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé àti lẹ́yìn odi, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, a kí yín o.

Ilé ìdáná tí gbogbo wa ṣèlérí owó láti kọ́, kí àwọn ọmọ ilé ìwé ìlú wa lè máa rí oúnjẹ àárọ̀ jẹ, ṣì wà níbi tí ẹ fi í sí. Ògiri rẹ̀ ti dé òkè fèrèsé, ibẹ̀ ló sì dúró sí láti ọdún tó kọjá. Àwọn ìkòkò ńlá tí a rà wà ní kọ̀rọ̀ yàrá ọ̀gá ilé ìwé, ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn láti ọjà kò tíì kúrò lára wọn. Nígbà tí a lọ wò wọ́n lóṣù tó kọjá, aláǹgbá ló sá jáde lẹ́yìn èyí tó tóbi jù. Koríko ti ga dé orúnkún níbi tí àwọn ọmọ ì bá ti máa tò gba oúnjẹ.

A ò ní tún ìtàn bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sọ. Gbogbo wa la jọ wà ní ìpàdé ọjọ́ náà, gbogbo wa la jọ pàtẹ́wọ́. Ohun tó dá iṣẹ́ dúró kò ju ẹyọ kan lọ: àwọn tó ṣèlérí kò san. Àwọn tó san pé kò tó ìdajì. Àwọn kan san díẹ̀, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá san ìyókù, a ṣì ń wo ọ̀nà. Àwọn tó kù, bí akápò bá pè wọ́n, fóònù á dún títí á fi dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ a sì ń rí àwòrán ìnáwó wọn, a sì ń bá wọn yọ̀.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ń lọ lábẹ́lẹ̀ pé owó àkọ́kọ́ ńkọ́. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la ó fi sọ ọ́. Owó àkọ́kọ́ ló gbẹ́ kànga tí ilé ìwé ń pọn lónìí. Òun ló ra búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì, òun ló ra ìkòkò, òun la sì fi san owó bíríkìlà. Rìsíìtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé, a ti kà á sí etígbọ̀ọ́ ìpàdé lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ lè wá wò ó fúnra rẹ̀. Ọmọ ìgbìmọ̀ kankan kò fi owó yìí ra omi mu. Kódà ọkọ̀ tó kó yanrìn, àpò ara wa la ti san án, a ò kọ ọ́ sínú ìwé. Ohun tó dùn wá jù ni pé àwọn tí kò tíì dá ohunkóhun ló ń béèrè jù.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tún kọ̀wé sí wa pé ọ̀rọ̀ ìsanrajù tí a fi kún iṣẹ́ yìí kò yé òun, pé ebi ló ń pa ọmọ, ta ló ń sọ̀rọ̀ ọ̀rá? Ìbéèrè gidi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mẹ́ta nínú wa jókòó sẹ́yìn kíláàsì kẹta. Ọmọbìnrin kan ṣí báàgì rẹ̀, ó mú bisikíìtì kan àti ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò jáde. Oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ó mu ún tán, ó ń ṣeré, ó ń rẹ́rìn-ín. Kí aago mẹ́wàá tó lù, ó ti gbé orí lé tábìlì. Olùkọ́ pè é, ó ní ebi ń pa òun. Ìwọ̀n ìgò kékeré kan ohun mímu bẹ́ẹ̀ máa ń ní ṣúgà tó ṣíbí kékeré mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nínú. Ọmọ tó ń sanra lórí ṣúgà tún lè jẹ́ ọmọ tí ebi ń pa. Inú ilé kan náà ni méjèèjì ń gbé, nígbà mìíràn inú ara kan náà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2022, àwọn ọmọ ọdún 5 sí 19 tí wọ́n sanra ju bó ṣe yẹ lé ní mílíọ̀nù 390 káàkiri ayé, mílíọ̀nù 160 nínú wọn sì ti wọnú àìsàn ìsanrajù. Ní 1990, mẹ́jọ péré nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ló sanra jù. Ní 2022 ó ti di ogún. Ọmọ tó bá gbé ìsanrajù dàgbà, àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru kì í jìnnà sí i, àwọn àìsàn tó ń ná ìdílé lówó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó ń sọ pé ọmọ tó sanra ni ọmọ tó rí ìtọ́jú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi èrò yẹn sílẹ̀.

A kò sọ pé oúnjẹ àárọ̀ nìkan ló ń lé ìsanrajù. Bí a bá ń fún wọn ní búrẹ́dì pẹ̀lú omi ṣúgà, àwa gan-an la ń sọ wọ́n di aláìsàn. Ìdí nìyẹn tí ìwé oúnjẹ wa fi jẹ́ ẹ̀wà, ẹyin, èso, àti omi lásán tí wọ́n á mu. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí wọ́n ro ilẹ̀ pápá ìṣeré, torí pé ọmọ ọdún 5 sí 17 gbọ́dọ̀ sáré, kó fò, kó ṣeré fún ó kéré tán wákàtí kan lójúmọ́. Nọ́ọ̀sì á máa wọn bí wọ́n ṣe ga àti bí wọ́n ṣe wúwo, ní ìkọ̀kọ̀, torí kò sí ọmọ tí a óò fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ níbí.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ tí kò jẹun láàárọ̀, ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ wá wo àwọn aládùúgbò wa lódìkejì odò. Wọ́n wá béèrè àwòrán ilé ìdáná wa nígbà yẹn, a sì fi ìyangàn nà án sí wọn. Lónìí, ẹ bá dúró sí etí odò láàárọ̀, ẹ óò rí èéfín ilé ìdáná wọn. Àwọn ọmọ wọn ń jẹun lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, àwọn àgbẹ̀ wọn ló sì ń ta ẹ̀wà àti ẹyin fún ilé ìwé. Àwòrán wa ni wọ́n fi kọ́ ọ! Ìlú tí kò tó wa lénìyàn, tí kò tó wa lọ́mọ̀wé. Ọmọ wa kan bi bàbá rẹ̀ bóyá àwọn lè kó lọ sọ́hùn-ún. Bàbá náà ló sọ ọ́ fún wa, kò lè wo ojú wa bó ṣe ń sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ àwa kọ́ la kì í ṣe nǹkan. Àwọn bàbá wa ló fi orí ru òkúta tí wọ́n fi kọ́ ilé ìwé yẹn. Àwọn ìyá wa ló dá owó ajé wọn jọ tí a fi ní ilé ìwòsàn. Kò sí ìjọba tó bá wọn dá a. Ẹ̀jẹ̀ wọn ló wà lára wa.

Àwọn kan ní ìgbà le. Ó le lóòótọ́. Finland ṣòfin oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní 1943, nígbà tí wọ́n ṣì wà nínú ogun, ó sì di ohun gbogbo ọmọ ní 1948. Amẹ́ríkà fi oúnjẹ àárọ̀ ilé ìwé ṣe ìdánwò ní 1966, kó tó fìdí múlẹ̀ ní 1975. A ò sọ pé kẹ́ ẹ san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ san díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ẹ san. Ẹ̀yin tí ẹ ti san, Ọlọ́run á san án fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pe ẹnì kan tí ẹ mọ̀ pé kò tíì san. Ó lè gbọ́ tiyín, tiwa ti sú u.

Àkáǹtì ẹgbẹ́ kò yí padà. Ẹ kọ orúkọ yín àti "oúnjẹ àárọ̀" sí i. Ẹ fi ẹ̀rí ránṣẹ́ sí akápò. Ẹ má kó owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìparí oṣù yìí ni gbèdéke.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, a óò ka orúkọ gbogbo ẹni tó ṣèlérí, bí wọ́n ṣe dìde lọ́jọ́ náà. Bí a bá kan orúkọ ẹni tó ti san, a óò ka iye rẹ̀. Bí a bá kan ẹni tí kò san, a óò dákẹ́ díẹ̀, a óò sì kọjá sí èyí tó kàn.

Akọ̀wé, fún ìgbìmọ̀ aláṣẹ