Àbẹ̀kẹ́, kó o tó gbé wax kaná

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo rí fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ láti Ṣágámù lánàá, àwọn gílásì tó o fẹ́ fi ṣe àbẹ́là, tó o tò sórí tábìlì kíṣíìnì, inú mi dùn gan-an, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àbẹ́là á tún wọlé wa. Mi ò pè ẹ́ torí tí n bá pè ẹ́ wàá kàn máa sọ pé "mo ti gbọ́ ma, mo ti gbọ́ ma", ìyẹn ni mo ṣe jókòó tẹ̀ ẹ́, kó o lè padà kà á tó o bá dé ìdí gáàsì.

Ọ̀rọ̀ iná ló ṣáájú. O kéré nígbà yẹn, o ò lè rántí, nílé tá a kọ́kọ́ gbé n'Íjẹ̀bú-Òde, mo máa ń ṣe àbẹ́là tà, àwọn ìjọ aláṣọ funfun ló ń rà á jù. Lọ́jọ́ kan mo gbé wax, ìyẹn ìda tá a máa ń yọ́ fi ṣe àbẹ́là, ka iná tààrà, mi ò fi omi sábẹ́ ẹ̀, mo ní kí n sáré gba owó lọ́wọ́ oníbàárà kan lẹ́nu géètì, ọ̀rọ̀ wá gùn mọ́ wa lẹ́nu. Nígbà tí mo padà dé, ìkòkò yẹn ò hó, kò pariwo, èéfín funfun ṣáá ló ń yọ, kí n tó sún mọ́ ọn iná ti sọ lórí ẹ̀. Aládùúgbò wa gbé omi, ó dà á sí i. Ọmọ mi, iná yẹn fò dé àjà. Àpá ẹ̀yìn ọwọ́ òsì mi tó o máa ń fọwọ́ pa nígbà tó o wà ní kékeré, ibẹ̀ ló ti wá.

Torí náà ìkòkò nínú ìkòkò ni o. Bu omi díẹ̀ sínú ìkòkò ńlá, kó o wá gbé kékeré tí wax wà nínú ẹ̀ sínú omi yẹn. Omi tó ń hó nínú ìkòkò kì í gbóná kọjá 100°C, wax tó wà nínú ẹ̀ náà ò ní lè kọjá ibẹ̀, àmọ́ lórí iná tààrà ṣe ló máa máa gbóná lọ títí á fi gbaná, kò sì ní hó kó o tó mọ̀. Máa wo omi abẹ́ ẹ̀ kó má gbẹ. Má jẹ́ kí omi kán sínú wax gbígbóná, ṣe ló máa ta sí ẹ lójú. Kí ọmọrí ìkòkò wà nítòsí ẹ, tó bá gbaná, pa gáàsì, dé e, má gbé e lọ síbì kankan títí á fi tutù, má sì da omi sí i láé. Má kúrò nídìí ẹ̀. Tí fóònù bá ń dún, kódà kó jẹ́ èmi ni mò ń pè, jẹ́ kó dún.

Wax fúnra ẹ̀, wàá rí i rà l'Ójòótá l'Ékòó níbi tí wọ́n ti ń ta kẹ́míkà, mọ́tò ò sì ṣòro rí láti Ṣágámù. Wax paraffin (kì í ṣe kẹrosíìnì o) tàbí wax sóyà tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, èyíkéyìí tó o bá rí, sóyà rọ̀ díẹ̀, inú gílásì ló dáa fún. Ra kílò méjì péré, má ra àpò.

Tó o bá fẹ́ mọ iye wax tí gílásì kan máa gbà, bu omi sínú ẹ̀ dé ibi tó o fẹ́ kó kún dé, wọn omi yẹn lórí síkéèlì. Wax fúyẹ́ ju omi lọ, ibi tí omi 200 gírámù bá kún, wax bíi 180 ló máa gbà. Nu gílásì yẹn gbẹ dáadáa o, kó sì jẹ́ èyí tó nípọn tí kì í fọ́ tí nǹkan gbígbóná bá wọ inú ẹ̀. Tó bá di ti òórùn dídùn, fi 6 gírámù sí 100 gírámù wax, ojúlówó òróró tí wọ́n ṣe fún àbẹ́là ni kó o rà, má fi lọ́fínńdà tí à ń fín sára sí i, ọtí ló pọ̀ nínú ìyẹn. Tó bá di ti àwọ̀, má fi kíréyọ̀n àwọn ọmọdé sí i, àwọ̀ inú ẹ̀ máa ń dí òwú àbẹ́là.

Òwú yìí gan-an ni mo fẹ́ kó o jókòó tì. Iṣẹ́ òwú ni pé kó máa fa wax tó ti yọ́ lọ síbi tí iná wà, wax yẹn ló ń jó, òwú kàn ń gbé e lọ ni. Tí òwú bá tín-ín-rín jù fún gílásì ẹ, á jó ihò sísàlẹ̀ láàárín, wax ẹ̀gbẹ́ á dúró bí ògiri, owó ẹ ló wà lára ògiri yẹn. Tó bá nípọn jù, iná á ga, á máa jó fàì, ẹnu gílásì á dúdú bí ìdí ìkòkò onígi. Nítorí náà ra òwú oríṣi mẹ́ta, ṣe àbẹ́là mẹ́ta nínú gílásì kan náà, gé òwú wọn kù bí ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì, tan wọ́n, kó o jókòó tì wọ́n. Tí gílásì bá fẹ̀ tó ínṣì mẹ́ta, láàárín bíi wákàtí mẹ́ta ó yẹ kí wax tó yọ́ ti kan ẹ̀gbẹ́ yíká. Èyí tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ láìyọ èéfín ni òwú ẹ. Kọ ọ́ sínú ìwé, má gbára lé orí.

Tó bá tutù tó o rí i pé àárín ẹ̀ jìn wọnú, má bínú, wax máa ń súnkì tó bá tutù, yọ́ díẹ̀ kó o dà á lé e. Wax tó bá kù, má dà á sí sínkì, ojú páìpù ló máa dì sí.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ti ń sọ pé kó o máa tà á. Má tà á fẹ́nì kankan kó o tó tan ọ̀kan dé ìsàlẹ̀ pátápátá lójú ẹ, torí ìsàlẹ̀ ni gílásì ti máa ń gbóná jù, ibẹ̀ ló ti lè fọ́ sórí tábìlì onítọ̀hún.

Mú méjì wá tó o bá ń bọ̀ n'Íjẹ̀bú lọ́jọ́ Sátidé, èyí tó ò tíì tan. Màá tan án lórí tábìlì pálọ̀, a jọ máa wò ó. Ìkọ́kọrẹ́ á ti wà nílẹ̀.

Èmi ìyá ẹ