Oògùn wárápá kì í ṣe Panadol o

Olóòtú mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Inú ló ń bí mi tí mo fi gbé bírò, tí ọ̀rọ̀ mi bá le jù ẹ bá mi fi orí jì mí. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni wọ́n gbé ọmọ mi wálé láti ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó ti ń kọ́ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ní gbogbo àyà ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ó ti gé ahọ́n ara ẹ̀ jẹ, eyín iwájú kan sì ti kán. Ọmọ tí wárápá ò gbé ṣubú láti bí ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ! Mo máa ń sàmì sí kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri wa ni, ìdí tí mo fi mọ iye ẹ̀ nìyẹn.

Kí ló fà á? Oògùn tán. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo lọ sí ọsibítù ìjọba tí a ti ń gbà á, aago méje àárọ̀ ni mo ti wà lórí ìlà, nígbà tó máa fi kàn mí oòrùn ti mú, ẹni tó wà lójú fèrèsé fámásì ò tiẹ̀ gbójú sókè, ó kàn ní carbamazepine, oògùn wárápá tọ́mọ mi ń lò, ò sí, kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, hóró kan ṣoṣo ló kù nílé, tòní alẹ́ nìyẹn. Ó ní ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ pé kò ṣubú láti ọjọ́ yìí Màmá, ara ẹ̀ á ti le, kí ni ọ̀sẹ̀ kan fẹ́ ṣe fún un? Ẹni tó wọ aṣọ funfun ló sọ bẹ́ẹ̀ o.

Olóòtú, oògùn wárápá kì í ṣe Panadol. Panadol, tórí bá ń fọ́ ẹ wàá lò ó, tó bá ti lọ̀ ẹ́ o ò wo ibi tó wà mọ́. Tiwa yìí, òun ló di àìsàn yẹn mú síbi tó wà, tẹ́ ẹ bá yọwọ́ ẹ̀ lójijì àìsàn á dìde, ó sì lè burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó lè máa gbé èèyàn léraléra láìjẹ́ kójú ẹ̀ là láàárín, ìyẹn sì ń pa èèyàn. Dókítà tó kọ́kọ́ rí wa sọ fún mi pé bó tiẹ̀ di ọjọ́ tí ọmọ máa fi oògùn sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ la ó máa dín in kù, ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Ohun tí dókítà ń fi oṣù púpọ̀ ṣe ni fámásì wá fẹ́ fi ọjọ́ kan ṣe.

Mo wá a káàkiri. Ilé oògùn kan gbé oògùn ilé-iṣẹ́ mìíràn jáde, milligram ẹ̀ yàtọ̀, ó ní ọ̀kan náà ni, kí n máa dá a sí méjì. Irú èyí tó máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara sì ni, mi ò mọ èyí tí wọ́n ń dá nínú ẹ̀ àtèyí tí wọn kì í dá. Èkejì ti tú tiẹ̀ kúrò nínú páálí, ó dà á sínú náílọ̀n, ó fi kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti ń gbé omi tíì kaná. Bẹ́ẹ̀ carbamazepine kì í fẹ́ ọ̀rinrin, tó bá ti gbà á sára, agbára ẹ̀ lè dín tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Mo fi í sílẹ̀ fún un. Ẹ má tiẹ̀ jẹ́ ká sọ ti owó, iye tí mo fi ń ra páálí kan kí àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn òyìnbó kan tó kó kúrò nílẹ̀ yìí ní 2023, ó lè má ra káàdì oògùn méjì báyìí.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko lọmọ ò lo nǹkan kan, lọ́jọ́ kẹrin ó ṣubú tòun ti kílípà lọ́wọ́. Àwọn oníbàárà sá jáde, ẹnì kan ń pariwo pé kẹ́nikẹ́ni má fara kan ìfóòfó ẹnu ẹ̀ pé ó máa ń ràn (irọ́ ni o, wárápá kì í ràn), ẹlòmíì ki ṣíbí onírin bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ṣíbí yẹn ló kán eyín, kì í ṣe wárápá. Kí wọ́n ṣáà ti yí i fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí wọ́n kó nǹkan mímú kúrò lára ẹ̀, kí wọ́n máa wo aago, tó bá ti ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ kí wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù. Nígbà tí wọ́n fi gbé e délé, ìyàwó àbúrò ọkọ mi ti gbé ike àgbo ìtọ̀ màlúù dé. Mo dà á sí gọ́tà lójú ẹ̀, ó ṣì ń bínú sí mi dòní, àgbo yẹn ti já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ wálẹ̀ débi tí ọpọlọ fi bàjẹ́.

Àwọn tá a ní kí wọ́n máa bójú tó oògùn, kí ni wọ́n ń ṣe gan-an nínú ọ́fíìsì tí éèsì ti ń fẹ́ sí wọn lára? Tó bá di ọjọ́ 26 oṣù kẹta, wọ́n á wọ aṣọ elésè àlùkò, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ní àwọn ń rántí àwọn tó ní wárápá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nínú 100 èèyàn tó ní àìsàn yìí, tó 70 ló lè wà láìṣubú mọ́ tí wọ́n bá rí ìtọ́jú tó yẹ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun níbí náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun, dókítà ọpọlọ, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti ka àwọn èèyàn Igbó-Ọrà lójúlé dójúlé (ìlú tí wọ́n fi ìbejì mọ̀), wọ́n gbé e jáde ní 1987, ó lé díẹ̀ ní 5 nínú 1,000 tó ní in. Ṣé àwọn yẹn lẹ máa ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe rèé. Kí wọ́n máa fún wa ní oògùn oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ká sì ní káàdì bíi ti àwọn ọmọ tó ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kí wọ́n kọ orúkọ oògùn sí i, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, milligram ẹ̀, iye tàárọ̀ àti talẹ́, àti ọjọ́ tó máa tán. Kí gbogbo ọsibítù ìjọba ní ìpínlẹ̀ yìí máa dá káàdì náà mọ̀, kó jẹ́ pé tí ibì kan ò bá ní, ibòmíì á fún wa. Tó bá ti ku tọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú sítọ̀ wọn, kí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa, ṣebí nọ́ńbà wa wà nínú fáìlì. Kí wọ́n sì kọ ìkìlọ̀ sí ti àwọn ọmọbìnrin. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọdún 22, valproate, oògùn wárápá mìíràn, ló ń lò, ó ti ń múra ìgbéyàwó, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé tó bá lóyún lórí ẹ̀, bí ọmọ kan nínú mẹ́wàá ló máa ń ní àbùkù ara, tí ọpọlọ àwọn míì kì í sì í jí pépé. Kó má sì torí lẹ́tà yìí já a sílẹ̀ fúnra ẹ̀ o! Kó lọ bá dókítà, kí wọ́n bá a yí i kó tó lóyún.

Kí adójútòfò ìlera (health insurance) náà máa san owó ẹ̀. Kí wọ́n kó àwọn tó ń tú oògùn sínú náílọ̀n.

Lọ́jọ́ Sátidé mo rí káàdì oògùn méjì rà ní Dùgbẹ̀, ogún hóró. Mo padà sọ́sibítù lọ́jọ́ Ajé bí wọ́n ṣe wí, wọ́n ní ọkọ̀ ò tíì gbé e dé. Alẹ́ Ọjọ́rú ni mò ń kọ èyí, ó ti lo tiẹ̀, ó ti sùn, hóró mọ́kànlá ló kù, àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa tán.

Èmi ni,
Ìyá kan ní Ìbàdàn