Lẹ́tà sí Bọ̀dá Rótìmí, nítorí korobá

Bọ̀dá mi,

Bísí fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lánàá. Wọ́n ti kó ẹrù yín síta, wọ́n fẹ́ mọ èyí tí a ó pín àti èyí tí a ó dà nù. Aṣọ, rédíò, àga yín tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán. Ẹ̀yìn àga yẹn ni mo ti rí i: korobá onírin yẹn. Ó ti dípẹtà, wọ́n sì gbin ewédú sínú rẹ̀. Inú kíṣìnì ọkọ̀ ojú omi ni mo wà, mò ń gé àlùbọ́sà. Mo bá jókòó.

Ẹ kò bi mí rí irú ọkọ̀ tí mò ń dáná nínú rẹ̀. Tàbí ẹ bi mí, èmi ni mi ò rántí. Stromness ni ìlú tí ọkọ̀ náà wà ń jẹ́, ní Orkney, àwọn erékùṣù tó wà lókè Scotland. Títì ńlá kan ló la ìlú já, òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, ó sì há débi pé tí mọ́tò bá ń bọ̀, ògiri lẹ máa fara tì. Ọ̀pọ̀ ilé ló kọ ẹ̀yìn sómi, tí wọ́n ní èbúté tiwọn lẹ́yìnkùlé bí ilé tiwa ṣe ní kànga. Nínú oṣù Kẹfà, ilẹ̀ kì í fẹ́ẹ̀ ṣú. Nínú oṣù Kejìlá, aago mẹ́sàn-án ni oòrùn ń yọ, kí aago mẹ́rin sì tó lù, ó ti wọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jí kí àkùkọ tó kọ, ìlú yìí ì bá sú yín.

Àwọn tó ń mòòkùn ni mò ń se oúnjẹ fún. Ọkọ̀ ogun tó rì ni wọ́n ń wá wò. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n kó ọkọ̀ ogun Jámánì 74 sínú omi Scapa Flow, tó wà láàárín àwọn erékùṣù yìí, kí wọ́n dúró de ìdájọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1919, ọ̀gágun wọn, Ludwig von Reuter, pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí omi sínú ọkọ̀ ara wọn, kó má di ti Gẹ̀ẹ́sì. 52 ló rì. Àwọn ọmọ iléèwé Stromness wà lójú omi lọ́jọ́ yẹn, wọ́n kó wọn lọ wòran ọkọ̀ ni; ìṣojú wọn ló ṣe. Nígbà tó di 1924, oníṣòwò irin kan, Ernest Cox, bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àwọn oní-kóńdẹ́mù Bàrígà. Ńláńlá méje ló ṣì wà nísàlẹ̀. Ní 2019, wọ́n ta mẹ́rin nínú wọn lórí eBay, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì; ọ̀kan, Karlsruhe, kò ju £8,500 lọ. Ẹ ò bá rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń ta ohun tó wà nísàlẹ̀ omi láìjẹ́ pé irun rẹ̀ tutù!

Nígbà tó yá, èmi náà kọ́ bí a ṣe ń mòòkùn. Ọjọ́ kìíní, ká tó fẹsẹ̀ kan omi rárá, olùkọ́ ní ká di imú, ká fẹ́ atẹ́gùn títí etí á fi dún. Ó ní ní gbogbo mítà tí a bá ń sọ̀ ni ká máa ṣe é, nítorí mítà mẹ́ta péré tó láti ya awọ etí. Mo jáde síta, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀.

Ọdún 1996. Ara ẹni tó máa ń bá yín fa okùn nídìí iṣẹ́ wíwa yanrìn lábẹ́ ọ̀sà kò yá, ẹ bá mú mi dání, ọmọ ọdún 11. Ẹ ti àkàbà bọ ọ̀sà, ẹ gbá korobá mú, ẹ wọlẹ̀. Ẹ ní tí mo bá ka dé ọgọ́ta tí okùn kò mì, kí n kígbe. Ta ni n ó kígbe pè? Ẹ kò sọ. Okùn mì, mo fà, mo da yanrìn sínú ọkọ̀, mo ju korobá padà. Nígbà tó ṣe, ẹ yọrí, ẹ̀jẹ̀ ń ti etí ọ̀tún yín bọ̀, ó ń bá omi sọ̀ sí yín lọ́rùn. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ̀jẹ̀." Ẹ fọwọ́ nù ún, ẹ wò ó bí ìgbà téèyàn ń wo owó tí kò pé. "Ṣáà máa fà á." Ẹ tún wọlẹ̀. Korobá mẹ́tàdínlógún ni mo tún fà. Mo mọ iye rẹ̀, nítorí mi ò lè ka nǹkan mìíràn mọ́.

A dé èbúté, típà kó yanrìn, ẹ ra àkàrà fún mi. Ẹ ní, "Màmá ò gbọdọ̀ gbọ́." Màmá ò gbọ́. Mo jẹ àkàrà náà tán. Mo ti ro ti àkàrà yẹn ju bí mo ṣe ro ti ìgbéyàwó mi lọ.

Àmọ́ Bọ̀dá, kí ló dé tí ẹ kò sọ? Gbogbo ọdún tí mo fi ń pè yín, "Ẹ̀n? Ẹ̀n?" ṣáá ni. Èmi rò pé torí ilẹ̀ Bàbá ni, tí mo tà fi sanwó ìrìnàjò. Mo ń pariwo, ẹ gbé fóònù fún Bísí. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ẹ di kùnrùngbùn sí mi. Lẹ́yìn ìsìnkú ni Bísí tó sọ pé etí ọ̀tún ti kú tipẹ́, tòsì sì ń tẹ̀ lé e. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Àwọn ọmọ tó ń ta píọ̀-wọ́tà mọ̀ pé apá òsì yín làá dúró sí. Ṣé èmi nìkan lẹ wá ń gbé fóònù sétí ọ̀tún fún?

Nínú oṣù Kẹta, mo pè yín láti etí òkun. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀, àkàrà. Mo ní kí ẹ dárí jì mí. Ẹ dákẹ́ díẹ̀. Ẹ wá ní, "Òjò ti rọ̀ níbí náà."

Òjò kò rọ̀ lọ́dọ̀ mi, Bọ̀dá. Mi ò dárúkọ òjò.

Ọkọ̀ tí mo máa ń lọ wò jù ni Cöln. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ní nǹkan bí mítà 36. Omi náà dúdú bí àgbo, òtútù rẹ̀ ń wọ eyín. Èémí ara ẹni nìkan leèyàn ń gbọ́ níbẹ̀. Ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá na àtàǹpàkò sókè, kì í ṣe pé ó dáa, ẹ ń ní ká máa gòkè ni. Ibẹ̀ là bá ti pàdé, èmi àti ẹ̀yin.

Ní báyìí, mi ò lè lọ mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo fi ọ̀fìnkìn wọmi, mo fipá fẹ́ etí. Etí ọ̀tún ni, ẹ gbà mí gbọ́. Ó ti dí látìgbà náà, ó ń hó bí ìkòkò. Dókítà ní kí n má tíì súnmọ́ omi. Ọ̀gá wa sì fẹ́ ta ọkọ̀; ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò sì sí ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ ẹ. Àwọn tó dé lọ́sẹ̀ yìí ni ìkẹyìn. Ìyàwó mi ní kí n wá bá wọn ní Aberdeen, pé iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó wà níbẹ̀. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lórí fóònù kí n tó gbọ́. Ó ní ṣé mò ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni.

Ilẹ̀ ti ń mọ́, wọ́n á jí láìpẹ́, mi ò sì tíì gbé ẹ̀wà kaná. Bísí tún ti béèrè: ṣé kí àwọn ta korobá yẹn fún oní-kóńdẹ́mù? Ó ní ìdí rẹ̀ ti lu, pé ewédú yẹn nìkan ló dì í mú. Mi ò tíì dá a lóhùn.

Àbúrò yín.