Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ díje fún ilé aṣòfin láti Ògbómọ̀ṣọ́

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ pé o fẹ́ jáde fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, àti pé onítẹ̀síwájú ni o fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́ sí. Ó dùn mọ́ mi gan-an. Àmọ́ ohun tí o kọ́kọ́ bi mí ni iye tí wọ́n ń gba pátákó ní Tákíè. Fi pátákó sílẹ̀ ná. Inú wọ́ọ̀dù àti inú ìwé ni ọ̀pọ̀ olùdíje ti ń ṣubú, ọ̀rọ̀ wọn á sì ti parí kí ará ọjà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ díje.

Kò sí pé èèyàn dá dúró díje ní Nàìjíríà. Abala 106 nínú ìwé òfin 1999 ní kí ẹni tó fẹ́ wọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kó ti pé ọdún 25 (30 ni tẹ́lẹ̀, ọdún 2018 ni wọ́n dín in kù), kó ní ìwé mẹ́wàá tàbí èyí tó bá a dọ́gba, kó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, kí ẹgbẹ́ náà sì fà á kalẹ̀. Ìfàkalẹ̀ yẹn ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é ni alága wọ́ọ̀dù, akọ̀wé, aṣíwájú obìnrin, aṣíwájú ọ̀dọ́, àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ tí kò ní ipò kankan ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ kì í kọjá lẹ́nu wọn. Wọ́ọ̀dù mẹ́wàá ló wà ní Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́. Jagun kò dà bí Òkèlérin, Másífà kò dà bí Ọ̀ṣùpá, Sábó sì tún yàtọ̀ sí gbogbo wọn, nítorí pé wàá nílò ẹni tó gbọ́ Hausa dáadáa níbẹ̀. Nínú wọ́ọ̀dù tìrẹ gan-an ni kí orúkọ rẹ ti wọ ìwé ẹgbẹ́, má ṣe gba káàdì ní Ìbàdàn torí pé ibẹ̀ yá. Máa lọ sí ìpàdé wọn, san owó oṣù, jókòó títí wọ́n á fi ṣe àdúrà ìparí. Àwọn olùdíje kan wà tó jẹ́ pé oṣù díẹ̀ sí ìdìbò abẹ́lé ni wọ́n ń gbé owó wá láti Èkó. Àwọn ará wọ́ọ̀dù á gba owó náà, wọ́n á súre, wọ́n á sì mú ẹlòmíì.

Fọ́ọ̀mù kì í ṣe owó kékeré. Fún ìdìbò 2023, mílíọ̀nù 2 náírà ni APC ta ti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, 600,000 ni PDP. APC ní kí obìnrin san owó ìfìfẹ́hàn nìkan, ìyẹn 500,000. Béèrè irú ẹ̀dínwó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tìrẹ kí o tó san kọ́bọ̀, nítorí wọn kì í pariwo rẹ̀.

Tí ọ̀rọ̀ bá wá kan ìdìbò abẹ́lé, wọ́n á pè ọ́ sínú yàrá kan, wọ́n á ní àwọn àgbà ti fẹnu kò sórí ẹnì kan, kí o jọ̀wọ́ fọwọ́ sí ìwé. Fetí sí èyí dáadáa. Òfin ètò ìdìbò 2022, èyí tí wọ́n fi ṣe ìdìbò 2023, sọ pé àfẹnukò kò dúró àfi tí gbogbo àwọn tí ẹgbẹ́ ti yẹ̀ wò bá fọwọ́ sí i lákọsílẹ̀. Bí ẹnì kan péré kò bá fọwọ́ sí i, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ dìbò. Ìbuwọ́lùwé rẹ ni gbogbo agbára tí o ní lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Tí o bá fẹ́ fi sílẹ̀ fún ẹlòmíì, kó jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ lo rò ó, kó má jẹ́ pé ojú àgbà ló tì ọ́ sí i. Wọ́n máa ń tún òfin yìí ṣe láàárín ìdìbò kan sí èkejì, nítorí náà èyí tó wà lóde lọ́dún tí o bá díje ni kí o rà, pẹ̀lú ìwé àkókò tí INEC bá gbé jáde, kí o sì ka méjèèjì pẹ̀lú lọ́yà.

Ó wá ku ìwé EC9. Ìwé ìbúra ni, kóòtù ni wàá ti búra sí i, o ó fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí rẹ mọ́ ọn, INEC á sì lẹ̀ ẹ́ síta kí gbogbo ayé wò ó. Àwọn tí ẹ jọ ń dupò ló máa kọ́kọ́ wò ó, wọ́n á sì fara balẹ̀ kà á. Orúkọ bàbá rẹ ló wà lórí WAEC, orúkọ ọkọ rẹ ló wà lórí káàdì ẹgbẹ́, wọ́n sì gbé orúkọ àárín síwájú lórí káàdì ìdìbò rẹ. Lójú tìrẹ, ẹnì kan náà ni. Lójú lọ́yà alátakò, èèyàn mẹ́ta ni. Ṣe ìwé ìbúra àyípadà orúkọ ní kóòtù, gbé e sínú ìwé ìròyìn, tọ́jú ojú ìwé tó jáde sí. Ọjọ́ ìbí gbọ́dọ̀ bára mu káàkiri. Ilé ìwé tí o kò parí, má kọ ọ́ bí èyí tí o parí. Ìwé mẹ́wàá tó òfin, ìwé ẹ̀rí ayédèrú sì lè gba àga lọ́wọ́ rẹ lẹ́yìn tí o bá ti jókòó sórí rẹ̀.

LAUTECH tí o ti ń ṣiṣẹ́ ń kọ́? Iléèwé ìjọba ìpínlẹ̀ ni, nítorí náà òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọ́ lójú ìwé òfin. Abala 107 ní kí o ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ó kéré tán ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìdìbò. Má dúró di ọgbọ̀n ọjọ́ géérégé. Kọ ọ́ ṣáájú, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tìrẹ pẹ̀lú déètì.

Ní ti orúkọ onítẹ̀síwájú, ìlú wa ní ìtàn tó kan ọ̀rọ̀ náà. Tí o bá dé agbo àwọn àgbàlagbà, ẹnì kan á bi ọ́ bóyá ti Awólọ́wọ̀ lò ń ṣe tàbí ti Akíntọ́lá, nítorí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ládòkè Akíntọ́lá, ìjà àwọn méjèèjì lọ́dún 1962 sì wọ inú ilé púpọ̀ níbí. Má gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Rán wọn létí pé nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù kìíní 1955, ẹgbẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Lẹ́yìn náà, sọ ohun tí ìwọ fẹ́ ṣe fún iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Kí o tó sọ ọ́, mọ ohun tí àga yẹn lè ṣe. Aṣòfin 32 ló wà nílé náà. Àbádòfin, ètò ìṣúná, àti bíbojú wo bí ìjọba ṣe ná owó: ibẹ̀ ni agbára wà. Bí gómìnà kò bá fọwọ́ sí àbádòfin láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ilé lè tún un gbé jáde pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta, ìyẹn aṣòfin 22, yóò sì di òfin. Ìwọ nìkan kò lè dá nǹkan kan ṣe, nítorí náà bẹ̀rẹ̀ sí í mọ àwọn tó lè bá ọ dìbò kí o tó débẹ̀.

Wọ́n á béèrè ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ rẹ ní gbogbo ibi tí o bá dé, wọ́n sì jàre, ọ̀nà yẹn ti pa èèyàn wa jù. Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni. Aṣòfin ìpínlẹ̀ lè fi ohùn ilé ránṣẹ́ sí Àbújá, kò lè gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe kankan. Sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ohun tí o lè ṣèlérí ni irú èyí: ìjọba àpapọ̀ ní owó kan fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré lábẹ́ UBEC, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, wọn kì í sì fún ìpínlẹ̀ ní ìpín rẹ̀ àfi bí ìpínlẹ̀ bá ti gbé ìdajì tirẹ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ètò ìṣúná bá dé iwájú yín, wá ojú ìlà tí ìdajì yẹn wà. Bí kò bá sí níbẹ̀, dìde kí o bi kọmíṣọ́nà. Bí ó bá wà, béèrè iye tí wọ́n ti tú sílẹ̀ ní tòótọ́, nítorí ohun tí wọ́n kọ àti ohun tí wọ́n san kì í sábà dọ́gba. Lẹ́yìn náà, gba orúkọ iléèwé tí owó náà lọ sí ní Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, kí o lọ ka iye yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ fúnra rẹ. Iṣẹ́ onítẹ̀síwájú nìyẹn, ó sì dá mi lójú pé o lè ṣe é.

Owó ìpolongo wàyí. Mílíọ̀nù 30 náírà ni òfin 2022 fi ṣe òpin fún olùdíje ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ nígbà ìdìbò 2023. Má jẹ́ kí pátákó àti ankara jẹ ẹ́ tán. Orúkọ rẹ kò ní sí lórí ìwé ìdìbò, àmì ẹgbẹ́ àti ìkékúrú orúkọ rẹ̀ nìkan ló máa wà níbẹ̀, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì ń dìbò gómìnà. Ọ̀pọ̀ á tẹ ìka sí àmì kan náà lórí ìwé méjèèjì láìronú. Nítorí náà, tẹ ìwé kékeré tó ní àmì náà gàdàgbà, kí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ yín sì máa fi han ìyá kọ̀ọ̀kan ní ọjà Wàásò àti ní Ọjà Ọba bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́: ìka kan, àpótí kan, kí ó gbẹ díẹ̀ kí wọ́n tó ṣẹ́ ẹ po. Ìbò tí yíǹkì rẹ̀ bá kan àmì méjì lè di èyí tí wọ́n dànù.

Aṣojú ẹgbẹ́ ni kí owó pọ̀ sí jù. Ká ní ibùdó ìdìbò 150 lo ní, ẹnì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àti adíróló kan, ó di 300 èèyàn. Bí oúnjẹ, ọkọ̀ àti owó ìpè bá jẹ́ 10,000 fún ẹnì kan, mílíọ̀nù 3 ti lọ nìyẹn ní ọjọ́ kan. Orúkọ wọn gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ INEC ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n bá dá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á ti dá wọn padà. Yan ẹni tó ń gbé ládùúgbò náà, tó mọ àwọn aládùúgbò lójú, tó sì lè ṣírò.

Kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa ṣe nígbà tí ìbò bá parí ní agogo 2:30, nítorí ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ aṣojú máa ń lọ jẹun. Iye àwọn tí BVAS, ẹ̀rọ tó ń fi ìka tàbí ojú dá olùdìbò mọ̀, yẹ̀ wò ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á ka ìbò sókè, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí ìbò bá ju iye tí BVAS yẹ̀ wò lọ, òfin 2022 ní kí wọ́n fagi lé e níbẹ̀. Bí ìkà náà kò bá tẹ́ aṣojú rẹ lọ́rùn, ó lè ní kí wọ́n tún un kà, ẹ̀ẹ̀kan péré. Tí wọ́n bá ń kọ EC8A, ìyẹn ìwé èsì ibùdó ìdìbò, kó wò bóyá nọ́ńbà inú àpótí àti èyí tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ jẹ́ ọ̀kan náà, kó má fọwọ́ sí ìwé tí wọn kò tíì kọ nǹkan sí, kó gba ẹ̀dà tirẹ̀, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó sì gbé e wá fún ọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ó bá di ti ìgbìmọ̀ ẹ̀sùn ìbò, ìwé yẹn ni adájọ́ máa béèrè.

Nípa dìbò-kóo-sebẹ̀, má bá wọn ná an. Nígbà ìdìbò 2023, òfin 2022 fi owó ìtanràn 500,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 12 sí i, fún ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà. Yàtọ̀ sí òfin, ẹni tó bá fi owó ra ìbò á wá owó náà padà nínú ètò ìṣúná, ibẹ̀ sì ni o fẹ́ lọ ṣọ́.

Di ọjọ́ méjì wọ̀nyí mú: bí ẹgbẹ́ bá fi ọ̀nà èrú gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ, ọjọ́ 14 péré lo ní láti dé kóòtù; bí ó bá jẹ́ èsì ìdìbò gan-an ni, ọjọ́ 21. Ẹjọ́ tó dára ti kú nítorí ọjọ́ kan tó lé.

Ya fọ́tò WAEC rẹ, káàdì ẹgbẹ́, káàdì ìdìbò àti ìwé ìgbéyàwó, kí o fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kó tó di ọjọ́ Àìkú, kí a lè mọ orúkọ tí a máa bá dé kóòtù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ