Màámi, owó ti wọlé, ọsibítù ni kẹ́ ẹ fi gbé e lọ

Màámi, ẹ kú ọjà Olúwo, ẹ kú ìtọ́jú ìkókó. Mo gbọ́ gbogbo fóìsì nóòtì tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. 200,000 náírà ti wọ akáǹtì Kúnlé láàárọ̀ yìí, àmọ́ kì í ṣe owó Àfáà o, owó mọ́tò àti owó ọsibítù ni, torí ẹ̀ ni mi ò ṣe fi sọ́wọ́ yín, ẹ má kà á sí àrífín.

Mo wo fídíò ìsọmọlórúkọ yẹn dáadáa. Gbogbo èèyàn ń jó, ìyàwó wa jókòó sórí àga, ó tú gèlè, ó wé e, ó tún tú u, ẹnu ẹ̀ ń lọ wuyẹwuyẹ, ọmọ ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kò bojú wò ó. Kúnlé ní láti ọjọ́ kẹta tó ti bímọ ni kò ti sùn, pé ó ní wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun. Ṣé ẹ̀yin náà gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn? Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ní ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni?

Màámi, abísínwín nìyẹn. Obìnrin 1 tàbí 2 nínú 1,000 tó bímọ ló máa ń ṣe, ní London níbí náà, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Kì í ṣe ẹkún tí ìyálọ́mọ máa ń sun lọ́jọ́ kẹta ìkẹrin, ìyẹn máa ń lọ fúnra ẹ̀, eléyìí kì í dúró de ogójì ọjọ́. Ṣebí wọ́n ní ìyá ìyàwó wa náà ṣe irú ẹ̀ nígbà tó bí àbíkẹ́yìn ẹ̀? Ó máa ń rìn nínú ẹbí. Kò sẹ́ni tó ṣe é fún un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi kan ìyá arúgbó kankan ládùúgbò.

Mo gbọ́ pé Bàbá Ìsàlẹ̀ ń bi yín pé kí ni mò ń fi ẹ̀jẹ̀ aboyún ṣe. Ẹ sọ fún wọn pé àwọn aboyún yẹn fọwọ́ síwèé kí wọ́n tó fún wa, inú fíríìsà tó ń tutù dé dígírì -80 la máa ń kó o sí ká lè yẹ̀ ẹ́ wò. Tóyún bá wà nínú, èròjà ara kan tí wọ́n ń pè ní progesterone máa ń pọ̀ gan-an, ara máa ń fi ṣe òmíràn, allopregnanolone, tó ń mú kí ọpọlọ balẹ̀, àmọ́ tí ibi ọmọ bá ti jáde báyìí gbogbo ẹ̀ á já wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ara ọ̀pọ̀ ń gbà á, tàwọn kan ò gbà á, ìdí ẹ̀ ni mò ń wá. Iṣẹ́ dókítà ni, Màámi, mi ò fi í sílẹ̀.

Kúnlé ní kí n ra oògùn tuntun kan tó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Zuranolone ni, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2023, alaalẹ́ fún ọjọ́ 14 ni wọ́n ń lò ó, àmọ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ ló wà fún, kì í ṣe fún ẹni tó ní wọ́n pààrọ̀ ọmọ òun. Mi ò ní rà á. Oògùn tiẹ̀ wà ní Nàìjíríà tipẹ́, ọ̀pọ̀ tó bá tètè rí ìtọ́jú ló ń gbádùn.

Kí Kúnlé gbé e lọ sí Jẹ́nẹ́rà Ẹ̀pẹ́ lónìí, kó ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ọsibítù ọpọlọ ní Yábàá, kó sọ fún dókítà pé ó ń fún ọmọ lọ́mú torí oògùn kan wà tí wọn kì í fún ìyálọ́mọ. Ẹ má fi òun àti ìkókó nìkan sílẹ̀ nínú yàrá, pàápàá lóru, ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀ kó lè sùn. Ẹ má dè é, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹgba kàn án. Kẹ́ ẹ sì bi í bóyá ohùn kan ń sọ fún un pé kó ṣe ara ẹ̀ tàbí ọmọ ní jàǹbá, ìbéèrè yẹn ò ní kó o sí i lórí, a máa ń bi àwọn tibí náà. Àfáà lè máa ṣàdúà fún un, èmi náà ń ṣe é, kó tẹ̀ lé wọn lọ tó bá wù ú.

Owó fíríìsà ẹja tí mo ṣèlérí fún yín ló wọ inú eléyìí, ẹ jẹ́ kó di oṣù tó ń bọ̀. Kí Kúnlé pè mí látinú mọ́tò, kó má dúró dìgbà tí wọ́n bá débẹ̀. Ṣé wọ́n ti gbéra?

Ọmọ yín,
Rísí