Ta ló ní kò sí ènìyàn búlúù?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ohun tó ń bí mi nínú kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́, ẹ bá mi gbé e jáde.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ-ọmọ mi gbé ìwé CCA rẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ àṣà àti ọnà, wálé láti ilé ìwé kan ní Kubwa níbí, l'Abuja. Wọ́n ní kí wọ́n ya àwòrán ìyá wọn. Ó ya ìyá rẹ̀ tòun ti gèlè, ó fi búlúù kun ojú àti ọrùn, ó fi elésè àlùkò kun gèlè. Tíṣà fi bírò pupa fa ìlà kọjá lójú obìnrin náà, ó tẹ̀ ẹ́ débi pé bébà ya níbi imú. Méjì nínú mẹ́wàá ló fún un, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kò sí ènìyàn búlúù, kí ó lọ da ti inú ìwé kọ.

Kò sí ènìyàn búlúù! Ṣé ẹni tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ọnà kò gbọ́ orúkọ Yusuf Grillo ayàwòrán rí ni? Ọmọ Èkó ni bàbá náà, 2021 ló di olóògbé, búlúù yìí náà ló sì fi lórúkọ. Obìnrin tó wé gèlè, onílù, gbogbo wọn nà gbọọrọ, búlúù àti elésè àlùkò bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Níbo ló ti kọ́ṣẹ́? Zaria ni o. Zaria tí ẹni tó bá wọkọ̀ ní Jabi l'Abuja níbí láàárọ̀ yóò ti dé kí wọ́n tó kírun Alásárì.

Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kóra jọ ní 1958, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà kò tíì di Yunifásítì Ahmadu Bello, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ ayàwòrán tí wọ́n pè ní Zaria Art Society sílẹ̀. Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn olùkọ́ wọn, bí wọ́n ṣe ń yà á nílùú òyìnbó sì ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n máa yà á. Àwọn ọ̀dọ́ yẹn ní ó tì o. Wọn kò da ọ̀dà òyìnbó nù, wọn kò sì ní ká padà sáyé àtijọ́. Ohun tí Uche Okeke kọ sílẹ̀ ní 1960, tó pè ní Natural Synthesis, ni pé kí wọ́n ṣà nínú ti ilé, kí wọ́n ṣà nínú ti òyìnbó, kí wọ́n fi èyí tó dára níbẹ̀ ṣe nǹkan tuntun. Òun mú uli, ìlà tí àwọn obìnrin Ìgbò ń fà sára àti sógiri. Bruce Onobrakpeya gbé ìtàn àwọn Urhobo wọnú àwòrán. Demas Nwoko wà níbẹ̀. Jimo Akolo náà wà níbẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ ní Kogi. Mo bi àwọn ará Okun, ìyẹn àwọn Yorùbá Kogi, mélòó kan ládùúgbò wa léèrè rẹ̀, ṣe ni wọ́n ń wojú mi.

Àwọn kan yóò ní mo kórìíra yíya bí òyìnbó. Rárá. Aina Onabolu ti ń ya ojú ènìyàn bó ṣe rí gẹ́lẹ́ láti nǹkan bí 1906, ìjà ni ìyẹn náà nígbà tirẹ̀, torí òyìnbó gbà pé aláwọ̀ dúdú kò lè ṣe é. Ohun tí ó jà gbà ni àwọn ọmọ Zaria tún wá bá fà á. Ọmọ wo ló máa bá ta fa nǹkan kan, nígbà tó jẹ́ àdàkọ ni wọ́n ń kọ́ ọ?

Àwọn ọ̀gá tó wà lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àti àṣà ni mo dá lẹ́bi ju tíṣà lọ. Kí wọ́n ṣáà lọ gé rìbọ́ǹnù níbi ìpàtẹ, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n wọ jíìpù lọ kí ẹnikẹ́ni tó ṣàlàyé ohun tó wà lára ògiri. Mo wọ ọ́fíìsì ọ̀kan nínú wọn lọ́dún tó kọjá, àwòrán òkè oníyìnyín ló gbé kọ́ sẹ́yìn àga rẹ̀. Yìnyín, ní Abuja tí ooru ń pa wá! Zaria wà nítòsí, wọn kò mọ̀. Èyí ló ń dùn mí jù: ìhín níbí ni wọ́n ti kọ̀ pé àwọn kò da ti òyìnbó kọ mọ́, àwọn ọmọ ìhín náà ni wọ́n wá ń fìyà jẹ torí pé wọn kò dà á kọ.

Kí wọ́n lo bánà. Bánà tí àwọn olóṣèlú fi ń fojú ara wọn hàn wá lórí gbogbo òpó iná yìí náà. Kí wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán tó ṣì wà láyé àti ẹbí àwọn tó ti lọ, kí wọ́n sanwó tó tọ́, kí wọ́n tẹ àwòrán mẹ́wàá ní gàgàrà, Grillo kan, Akolo kan, Okeke kan, kí wọ́n má gbàgbé ará Òṣogbo bíi Jimoh Buraimoh tó fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán. Kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan so ọ̀kan kọ́ fún táàmù kan, kí wọ́n sì bá ilé ìwé mìíràn ṣe pàṣípààrọ̀ tó bá parí. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, kí ọmọ kan dúró síwájú àwọn yòókù, kí ó sọ ohun tó rí, kí tíṣà má sì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ya tiwọn. Ẹni tó bá da ti ara bánà kọ ni kí wọ́n gé máàkì rẹ̀.

Kí wọ́n gba ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ọnà láti máa kọ́ CCA, kì í ṣe tíṣà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣáà dilẹ̀. Kí wọ́n ra ọ̀dà.

Tí wọ́n bá ní kò sówó, àwa òbí àti àgbà yóò dáwó bánà àkọ́kọ́. Kí ọ̀gá kan ṣáà fọwọ́ síwèé pé a lè so ó kọ́ ni.

Èmi ni,
Ìyá àgbà kan ní Kubwa, Abuja